Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ New York kò bàjẹ́, títún ni wọ́n ń tún un ṣe

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ ní ọmọ yín tó lọ kàwé ní New York ń ráhùn pé tó bá ti di Sátidé, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó máa ń wọ̀ kì í gba ọ̀nà rẹ̀ mọ́, pé omi ń kán láti òkè, pé ooru ń mú níbi tí wọ́n ti ń dúró. Ẹ wá bèèrè bóyá ọkọ̀ náà ti bàjẹ́, kó kúkú máa wọ takisí. Kó má wọ takisí o, owó yín ni yóò tán sí i. Mo ṣiṣẹ́ lójú irin abẹ́ ilẹ̀ ìlú yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà sí Òṣogbo níbí. Iṣẹ́ òru ni. Àwa là ń pààrọ̀ irin àti igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ọmọ yín ń pè ní ìbàjẹ́ yẹn, iṣẹ́ wa ni.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1904 ni wọ́n ṣí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ náà. Ibùdó 472 ló ní lónìí, tọ̀sán-tòru ló sì ń ṣiṣẹ́. Ní London, ọ̀pọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló máa ń sinmi lóru láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á wọlé, wọ́n á ṣe tiwọn kílẹ̀ tó mọ́. New York kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ọjà tí kì í tú, ìgbà wo lèèyàn fẹ́ gbá a? Àfi kí wọ́n ní kí àwọn tó wà lápá kan sún sápá kejì. Lọ́pọ̀ ibi, ojú irin 4 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: méjì fún ọkọ̀ tó ń dúró níbi gbogbo, méjì fún express tó ń fo àwọn ibùdó kéékèèké. Tó bá di òru tàbí òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á ti èyí tó nílò àtúnṣe pa, wọ́n á darí ọkọ̀ gba ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń kọjá ibùdó ọmọ yín láì dúró.

Nígbà mìíràn, ọkọ̀ ṣì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí a ti ń ṣiṣẹ́ nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tó ń gbà. Awakọ̀ á dẹ eré, á fọn fèrè, àwa náà á fi iná ọwọ́ wa fi hàn án pé a ti rí i, a ó sì lẹ̀ mọ́ ògiri títí yóò fi lọ tán. Irin kẹta tó gbé iná wà nítòsí ẹsẹ̀ wa, iná rẹ̀ sì lé ní vóltì 600. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún ọmọ yìí dáadáa: bí fóònù rẹ̀ bá já bọ́ sójú irin, kò gbọdọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láé. Òṣìṣẹ́ ibùdó ni kó lọ pè.

Omi gan-an ni ọ̀tá. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni tó ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí, ohun kan náà ni yóò sọ fún yín. Lọ́jọ́ tí òjò kò tilẹ̀ kán rárá, bíi mílíọ̀nù 13 gálọ́ọ̀nù omi ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fà jáde lábẹ́ ilẹ̀ ìlú yẹn. Bí ọ̀rá àti bébà tí èrò jù sílẹ̀ bá dí ojú gọ́tà tó wà láàárín irin, omi á dúró, irin á dípẹtà, igi á rà, iná ìdarí á máa ṣe ségesège, ọkọ̀ á sì dúró sínú òkùnkùn pẹ̀lú èrò. Ìdọ̀tí tó gbẹ náà tún lè gbiná. Mo ti kó ìdọ̀tí kúrò lójú irin títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí, n kò sì ka iṣẹ́ yẹn sí iṣẹ́ kékeré rí.

Lóṣù Kẹwàá ọdún 2012, ìjì Sandy da omi òkun sínú àwọn ihò tó gba abẹ́ odò. Wọ́n fa omi náà tán, ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ kò lọ, ó ń jẹ wáyà àti sìmẹ́ńtì díẹ̀díẹ̀. Ihò tí ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní L ń gbà láti Manhattan lọ sí Brooklyn, apá méjì nínú ìlú náà, ọdún 2019 sí 2020 ni wọ́n tó tún un ṣe, lóru àti ní òpin ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ ò sì dáwọ́ dúró pátápátá.

Ẹni tó sọ pé bí ti òyìnbó bá rí báyìí, kí tiwa kúkú sùn, mi ò bá a yọ̀ rárá. Ọdún 1907 ni ojú irin ti dé Òṣogbo, kó tó dé Ìlọrin. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó wálé fún ọdún Iléyá àti Kérésì, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kóòṣì ni gbogbo èèyàn ń wò. Èmi, abẹ́ irin ni mo máa ń wò: ṣé òkúta rẹ̀ pé, ṣé bóòtù rẹ̀ le, ṣé ọgbara rí ibi gbà? Ojú irin ọ̀hún kò fẹ̀ tó ti New York, mìlímítà 1067 ni tiwa, 1435 ni tiwọn, àmọ́ omi kan náà ló ń ba àwọn méjèèjì jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ilé yín wà nítòsí rẹ̀, ẹ má da ilẹ̀ sínú gọ́tà ibẹ̀.

Ká padà sọ́dọ̀ ọmọ. Ooru yẹn, ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ ló ń tú u síta, bíréèkì náà sì ń dá kún un. Kó mú omi dání nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ọkọ̀ bá kún, tí kóòṣì kan ṣoṣo sì ṣófo, kó má sáré wọ̀ ọ́: amúlétutù rẹ̀ ti kú tàbí òórùn burúkú wà níbẹ̀. Lálẹ́, kó dúró ní àárín pèpéle, níbi tí pátákó onílà dúdú àti funfun wà. Iwájú pátákó yẹn ni kọ̀ndọ́ máa ń dúró sí. Àwọn ẹnu ọ̀nà kan wà tó jẹ́ ọ̀dọ̀ ọkọ̀ tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo ni wọ́n já sí: Uptown (apá òkè ìlú) tàbí Downtown (apá ìsàlẹ̀). Kó ka àkọlé ẹnu ọ̀nà kó tó sanwó. Alẹ́ Friday ni kó sì máa wo ìkéde àtúnṣe lórí fóònù, kó má dúró dìgbà tó bá débẹ̀.

Iye kan náà ni owó ọkọ̀, ìbáà ṣe ibùdó kan ló lọ tàbí ogún. Káàdì báńkì tàbí fóònù ni yóò fi kan ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà. Kó má máa pààrọ̀ wọn, torí bó bá lo káàdì lónìí, tó lo fóònù lọ́la, ẹ̀rọ á kà wọ́n sí èèyàn méjì. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ló ń lò, tí owó tó san láàárín ọjọ́ 7 bá ti pé iye tí wọ́n fi lélẹ̀, ọ̀fẹ́ ni yóò máa wọ̀ ọ́ títí ọjọ́ 7 náà yóò fi pé.