Rédíò Yín Ń Bèèrè: Kí Ló Dé Tí AM Kò Ka Ọ̀pá Sí?

Ìbéèrè: Bí mo bá fa ọ̀pá áńtẹ́nà rédíò mi jáde, ohùn FM á já gaara. Ṣùgbọ́n lórí AM, mo fà á o, mi ò fà á o, bákan náà ni. Rédíò fúnra rẹ̀ ni mo ń yí kiri. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ojú yín ríran. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò kékeré, ọ̀pá yẹn kò bá AM da nǹkan pọ̀. Ìgbì rédíò tó kan irin máa ń mú kí iná tíńtín máa lọ síwá-sẹ́yìn nínú rẹ̀, iṣẹ́ yìí sì máa ń dán jù bí ọ̀pá bá gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì náà. Ìgbì FM ní 100 MHz gùn ní mítà 3, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 75 ti tó. AM ní 1000 kHz ńkọ́? Mítà 300! Ta ni yóò na ọ̀pá mítà 75 lórí tábìlì?

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wé wáyà bàbà tín-ín-rín mọ́ ọ̀pá dúdú kan, ferrite, sínú rédíò: òun ni áńtẹ́nà AM, bí ẹ bá sì yí rédíò, òun náà á yí. (Ẹ rọra o, ó máa ń kán bí àwo.) Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá kọjú sí ibi tí ìgbì ti ń bọ̀, ohùn á ròkè, bí orí rẹ̀ bá kọjú síbẹ̀, á rọlẹ̀. Èmi fẹ́ràn èyí kejì jù: bí ilé iṣẹ́ AM kan bá ń dí òmíràn lọ́wọ́, mo máa ń kọ orí ferrite sí aláriwo náà, á sì panu mọ́.