Èsì: Ṣé dandan ni kí ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ neutrino tóbi?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé dandan ni kí ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ neutrino (ẹyọ ohun tín-tìn-tín tí kì í fi bẹ́ẹ̀ kọlu nǹkan) tóbi bíi Super-Kamiokande ní Japan, tó gba 50,000 tọ́ọ̀nù omi. Rárá o. Ní Oak Ridge, ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, kírísítà oníkìlógíráàmù 14.6 péré ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ẹgbẹ́ COHERENT lò. Àpò sìmẹ́ǹtì kan wúwo ju mẹ́ta irú rẹ̀ lọ!

Ohun tí wọ́n ń wá ni kí neutrino kọlu odidi nucleus (àárín gbùngbùn) átọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà. Daniel Freedman, onímọ̀ físíìsì, ti sọ ọ́ láti 1974 pé ó yẹ kó máa ṣẹlẹ̀, àmọ́ 2017 ni wọ́n tó rí i. Kì í ṣe pé ó ṣọ̀wọ́n ju àwọn yòókù lọ. Àmì tó ń fi sílẹ̀ ló kéré jù. Ẹ wo ẹ̀fọn tó kọlu tírélà: mélòó ni tírélà máa mì?

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ariwo lásán, ìyẹn àmì tó ti ibòmíràn wá? Ẹ̀rọ ibẹ̀ ń yin proton (ẹyọ tín-tìn-tín inú nucleus) lu mẹ́kúrì nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ni neutrino ti ń jáde, nítorí náà wọ́n mọ àkókò tí àlejò yìí máa dé. Wọ́n á wá fi ohun tó wọlé lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n yin proton wé èyí tó wọlé ṣáájú rẹ̀. Neutron, ẹyọ mìíràn tó ń jáde níbẹ̀, gan-an ni ọ̀tá, torí òun náà máa ń mi nucleus bákan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé kírísítà náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ abẹ́ ilé, tí wọ́n fi òjé àti omi yí i ká.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 308, nǹkan bí 134 irú ìkọlù neutrino bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kà.