Ẹ Dá Iyọ̀ Padà Sí Ilé Ìdáná: Ìdáhùn fún Aláàdìrẹ Tí Aṣọ Rẹ̀ Ń Yọ Aró

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ fi àdìrẹ ṣe iṣẹ́ jẹun. Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ti ta aṣọ mẹ́jọ. Mẹ́ta nínú àwọn oníbàárà ti pè mí pé aró ń jáde lára rẹ̀, ó sì ti ba aṣọ funfun wọn jẹ́. Ẹni tó kọ́ mi ní kí n máa rẹ aṣọ sínú iyọ̀ àti fínígà mọ́jú, kí aró lè dì í mú. Ìgò fínígà mélòó ni kí n lò fún ọ̀pá márùn-ún? Ṣé kí n ra kẹ́míkà ní dúrọ́ọ̀mù, kó lè dín owó kù? Ṣé kí n sì ti forúkọ iléeṣẹ́ mi sílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ìgò kankan. Ọ̀rọ̀ fínígà yìí kì í tán nílẹ̀, àwọn tó ń gba owó kọ́ni ní ọjọ́ méjì ló sì ń tàn án kiri. Ti orúkọ iléeṣẹ́, ẹ jẹ́ ó dúró ná. Aṣọ tó ń ba aṣọ ẹlòmíràn jẹ́ ni ká kọ́kọ́ rí sí.

Ẹ kò sọ irú aró tí ẹ ń lò. Tó bá jẹ́ èyí tí ẹ ń po pọ̀ mọ́ kọ́síìkì sódà àti hydrosulphite (kẹ́míkà oníyẹ̀fun funfun kan), aró vat ni wọ́n ń pè é, òun náà ló sì pọ̀ jù lọ́jà wa. Aró yìí kì í yòrò nínú omi lásán. Ẹ bù ú sínú omi, ẹ ó rí i tó ń léfòó bí eruku. Hydrosulphite ló ń gba ọ́síjìn lára rẹ̀, kọ́síìkì á wá jẹ́ kó yòrò, ìgbà yẹn ló tó lè wọ inú òwú. Tí ẹ bá fa aṣọ jáde, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á tún bá a, aró á padà di ohun tí kì í yòrò, á sì há sínú òwú níbi tó wọ̀ sí. Híhá yẹn ni dídì tí ẹ ń wá. Ọgbọ́n kan náà ni ti ìkòkò elú àwọn ìyá wa: omi eérú ló ń ṣe iṣẹ́ kọ́síìkì, elú tó ń jẹrà nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan ló ń ṣe ti hydrosulphite. Aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé, ojú yín á sì rí i tó ń di búlúù. Kò sí ibi tí iyọ̀ ti wọ̀ ọ́ nínú gbogbo èyí.

Kí ló wá dé tó fi dà bíi pé iyọ̀ ń ṣiṣẹ́? Nítorí pé aṣọ tí ẹ rẹ mọ́jú tí ẹ sì ṣàn, aró ojú aṣọ, èyí tí kò wọlé, ti bá omi lọ. Bí ẹ bá tún un fọ̀, ohun tó ń jáde á ti dín kù. Omi ló ṣe é, iyọ̀ ló gba ọpẹ́. Ẹ dán an wò: ẹ gé aṣọ kan náà sí méjì, ẹ rẹ ọ̀kan sínú omi iyọ̀, ẹ rẹ èkejì sínú omi lásán, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ méjèèjì. Ẹ ó rí i pé iyọ̀ kò dá aró dúró.

Iyọ̀ ní ibi tó ti wúlò o. Nínú aró kan tí wọ́n ń pè ní reactive, ó máa ń ti aró sún mọ́ òwú, àmọ́ níbẹ̀ pàápàá, soda ash, ìyẹ̀fun funfun kan tí kò le tó kọ́síìkì, ló ń dè é, kì í ṣe iyọ̀.

Fínígà burú ju iyọ̀ lọ. Ásíìdì ni, siliki àti irun àgùntàn ni aró tó fẹ́ràn rẹ̀ wà fún, kì í ṣe òwú. Tó bá bọ́ sínú ìkòkò aró vat, á pa agbára kọ́síìkì. Tó bá sì kan hydrosulphite, èéfín tó ń rùn bí imí ọjọ́ á yọ, á gún yín ní imú àti ọ̀fun. Ẹni tó ní ikọ́ fée lè ti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo lè fara mọ́ ọn ni ìparí pátápátá, lẹ́yìn tí aṣọ ti ṣàn mọ́: ṣíbí ìjẹun kan nínú garawa omi kan, kó lè pa kọ́síìkì tó ṣẹ́kù tó máa ń mú ara yún ni.

Ó ṣeé ṣe kí ohun tó ń ṣe aṣọ yín ju ẹyọ kan lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo hydrosulphite yín. Èyí tí wọ́n ń bù nínú àpò tó ṣí sílẹ̀, tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ti lè jẹ agbára rẹ̀ tán. Tó bá ti dì ní kókó-kókó, ẹ má rà á. Nígbà tí ẹ bá po aró tán, ẹ bu díẹ̀ sínú ife gíláàsì, kí ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Tó bá mọ́ gaara, tí àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ìyẹ̀fun aró, ó ti yòrò. Tó bá ṣú dùdù, tí ẹ ń rí ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ tó ń fò nínú rẹ̀, kò tíì yòrò, ìyẹ̀fun yẹn ló sì máa lọ jókòó sí ojú aṣọ tó máa ba ti oníbàárà jẹ́. Ẹ fi hydrosulphite ṣíbí kan kún un, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún wò ó.

Fún ọ̀pá márùn-ún, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aró ṣíbí ìjẹun 2, kọ́síìkì 2, hydrosulphite 4, omi bíi lítà 12. Agbára aró kò dọ́gba lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń tà á, nítorí náà ẹ fi ìdajì ọ̀pá dán an wò ná. Omi gbígbóná ló ń mú aró wọlé dáadáa, àfi tó bá jẹ́ àdìrẹ alábẹ́là: omi tó gbóná jù á yọ́ abẹ́là, ọnà yín á sì bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí aṣọ sì pẹ́ díẹ̀ sí i nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ sá a sí ibòji, kí ẹ tú gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kàn án, ó kéré tán ìṣẹ́jú 20. Ẹ má kánjú ṣàn án.

Èyí tí àwọn olùkọ́ ọlọ́jọ́ méjì kì í sọ ni ọṣẹ. Aṣọ tó ti gba afẹ́fẹ́, tí ẹ ti ṣàn, ẹ fi ọṣẹ sè é nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Aró tó kàn lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ á jáde sínú ìkòkò yín dípò inú garawa oníbàárà, àwọ̀ aṣọ gan-an á sì wá yọ. Ti alábẹ́là, ìgbà tí ẹ bá ń se abẹ́là kúrò lẹ ó ṣe é. Ẹ fi áńkáṣífù funfun tó tutù ra aṣọ náà nígbà mẹ́wàá. Tí àmì bá hàn dáadáa, ẹ tún un sè. (Ti elú gidi máa ń ràn díẹ̀ láti ilẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń rà á.)

Ẹ yẹ aṣọ funfun yín náà wò. Ẹ tan iná sí fọ́nrán kan níta, lórí abọ́ omi. Òwú á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á rọ̀. Tó bá yọ́ tó dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle, pọliẹ́sítà wà nínú rẹ̀, aró vat kò ní wọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ. Gìnnì tuntun sì máa ń ní sítáàṣì. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kí ẹ tó di í.

Ẹ má ra dúrọ́ọ̀mù rárá. Hydrosulphite tí omi díẹ̀ kán sí lè gbóná títí á fi gbiná. Ìwọ̀nba tí ẹ ó lò tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ rà, nínú ike tó dé pinpin. Kọ́síìkì ni kí ẹ máa dà sínú omi, ẹ má da omi lé kọ́síìkì lórí. Ike tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìkòkò alumíníọ̀mù, nítorí kọ́síìkì á jẹ ẹ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú, dandan ni. Tí kọ́síìkì bá ta sí ojú, ẹ má fi epo pa á: omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí mo kọ síbí kò lè rọ́pò kí ẹ dúró ti ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹ wá ìyá aláró kan ní Ìtòkú tó máa jẹ́ kí ẹ wà nídìí ìkòkò òun fún oṣù mélòó kan.

Àwọn mẹ́ta tó pè yín, ẹ gba aṣọ náà padà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ fi ọṣẹ sè é bí mo ṣe wí. Ẹ pe àwọn márùn-ún yòókù kí àwọn tó pè yín. Tí aró bá ṣì ń jáde lẹ́yìn sísè ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ dá owó wọn padà, kí ẹ fi aṣọ náà ṣe aṣọ iṣẹ́ ara yín.