Ìdí tí eré Jennifer Lopez kò fi pe èrò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè ohun tó fà á tí àwo orin tí Jennifer Lopez, olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2024 àti eré tó fẹ́ gbé kiri kò fi rí èrò. Ọdún 10 ni kò fi gbé odindi àwo tirẹ̀ jáde. Àwọn ọ̀dọ́ ti ní olórin tiwọn. Ipò 38 ni àwo náà bọ́ sí lórí Billboard, àtẹ tí wọ́n fi ń to àwo orin tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wọ́gi lé eré mélòó kan, wọ́n tún polongo pé àwọn orin rẹ̀ àtijọ́ ni yóò kọ jù, síbẹ̀ lóṣù karùn-ún ó wọ́gi lé gbogbo rẹ̀, ó ní òun fẹ́ wà pẹ̀lú àwọn ọmọ òun.

Lójú tèmi, ìfẹ́ òun àti ọkọ rẹ̀ ìgbà náà ló kún inú orin yẹn jù. Ẹ wo àwọn onídadakúàdà wa, àwọn olórin ìbílẹ̀ ní Ìlọrin níbí. Nígbà ayé Odòlayé Àrẹ̀mú, ọ̀kan lára wọn, tó bá dé òde, oríkì ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń kì. Èèyàn á gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, orí á wú, owó á jáde. Ta ló fẹ́ fi tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n bí ojú gbọ́ ìtàn ìgbéyàwó ẹlòmíràn? Ijó Jennifer ṣì dára o, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó sì dùn mí.