Ọmọ mi ní kí n bá òun fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kí bàbá rẹ̀ má mọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Houston la wà. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe. Àkọ́bí wa obìnrin wà ní kíláàsì kọkànlá, wọ́n sì ti fún un ní fọ́ọ̀mù tó máa fi yan kọ́ọ̀sì kíláàsì kejìlá, píríọ́dù méje lójúmọ́. Dádì wọn gba fọ́ọ̀mù náà, wọ́n fi bírò pupa kọ AP (kọ́ọ̀sì tó le bíi ti yunifásítì) sí méjèèje: Calculus BC, Physics C, Chemistry, Biology, Statistics, Literature àti Government. Wọ́n fagi lé Spanish. Wọ́n fagi lé orchestra tí ọmọ yẹn ti ń ta viola nínú rẹ̀ láti kíláàsì kẹfà, wọ́n kọ "NOT SERIOUS" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní dókítà ló máa ṣe, dókítà ò sì ráyè orin. Ọmọ ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe AP méjìlá, yunifásítì ńlá ló wà báyìí, òun ni wọ́n ń tọ́ka sí ṣáá. Àkọ́bí ní òun ò lè ṣe é, pé B lòun ń gbà nínú Precalculus. Òun fẹ́ kí píríọ́dù méjì ṣófo kóun lè máa tètè lọ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti tẹ fọ́ọ̀mù mìíràn jáde, ó ní kí n bá òun fọwọ́ sí i kí n má sọ fún Dádì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbà á. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Àkọ́bí, Houston

Ìyá Àkọ́bí, ẹ kú ọ̀rọ̀ ilé, ẹ sì kú iṣẹ́ òru.

Ẹ má fọwọ́ sí i ní kọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ọjọ́ ń lé. Ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí lónìí, bí wọ́n bá wọlé lóṣù kẹjọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá àti ìyá jọ ń wò ló máa yọjú sí. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì á wá di ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ọmọ náà á sì ti kọ́ pé bí ohun kan bá ti le lọ́wọ́ Dádì, ẹ̀yìnkùlé Mọ́mì la ń gbà. Lónìí kọ́ọ̀sì ni. Ẹ má jẹ́ ká sọ ohun tó lè jẹ́ lọ́dún mẹ́ta sí i.

Àmọ́ fọ́ọ̀mù bírò pupa yẹn náà, ẹ má fọwọ́ sí i.

Mo mọ ibi tí ọkọ yín ti gbé èrò wọn wá, kì í sì í ṣe èrò òmùgọ̀. Ẹni tó bá kàwé nílé, láti SS1 ni wọ́n ti pín wọn sí sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọmáṣà. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìṣègùn, Use of English, Biology, Chemistry àti Physics ni JAMB máa bi í. Bó bá lọ fi orin kún un, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ. Ìmọ̀ràn yẹn pé pérépéré fún ọmọ tó fẹ́ wọ UI. Kò bá ọmọ tó wà ní Texas mu rárá.

Lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, kò sóhun tó ń jẹ́ ọmọ sáyẹ́ǹsì tàbí ọmọ áàtì ní high school. Ohun tí àwọn tó ń gbani wọlé ń wò ni bóyá ọmọ di ìpìlẹ̀ márùn-ún yẹn mú títí dé òpin: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìtàn àti ìjọba, pẹ̀lú èdè ilẹ̀ òkèèrè. Kì í sì í ṣe láti high school ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, àfi àwọn ètò díẹ̀ tó so méjèèjì pọ̀. Ọdún mẹ́rin ní yunifásítì ló kọ́kọ́ máa lò, á jókòó fún MCAT, ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ká tó wá sọ pé ọdún mẹ́rin míì ní ti ìṣègùn. Nínú ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn, ó lè ka ìtàn, ó lè ka orin pàápàá, bó bá sáà ti ṣe àwọn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí Dádì wọn gbọ́ eléyìí dáadáa: ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni kì í gba AP dípò Biology àti Chemistry ti yunifásítì. Chemistry tí wọ́n fẹ́ kó tètè parí nílé yìí, ó ṣeé ṣe kó tún jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé ẹ jẹ́ kó ṣe dual credit (kọ́ọ̀sì kan tó kà fún high school àti kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́ẹ̀kan náà) ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò dípò AP, kò burú, àwọn yunifásítì ìjọba ní Texas máa ń gba ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n màákì rẹ̀ kì í kú. AMCAS, tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ń béèrè ìwé màákì gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì téèyàn ti ṣe kọ́ọ̀sì rí, tó fi mọ́ èyí tó ṣe nígbà tó ṣì wà ní high school. C tí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún gbà nítorí pé oorun ń kùn ún, á bá a dé iwájú àwọn dókítà tó ń yan dókítà.

Ẹ wá wo bí ọdún náà ṣe máa rí. Ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ni Common App, fọ́ọ̀mù kan tí ọ̀pọ̀ yunifásítì jọ ń lò, máa ń ṣí. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù àkọ́gbà, ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó kù wà káàkiri oṣù Kérésìmesì sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Láàárín ìgbà yẹn ni ọmọ máa kọ àròkọ tí kò gbọdọ̀ ju 650 ọ̀rọ̀ lọ, á tún kọ kéékèèké míì fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan, á bẹ tíṣà fún ìwé ìmọ̀ràn, ẹ̀yin náà á sì máa wá ìwé owó orí fún FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó ilé ẹ̀kọ́ ti ìjọba. Oṣù mẹ́rin tó le jù nìyẹn, àárín wọn gan-an sì ni ọmọ ti máa ṣiṣẹ́ fún màákì tó ṣe kókó jù. Torí nígbà tí fọ́ọ̀mù bá wọlé, orúkọ kọ́ọ̀sì kíláàsì kejìlá nìkan ni yunifásítì máa rí. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni counselor, olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ wọn, máa fi màákì ìlàjì ọdún ránṣẹ́. Ìdánwò AP fúnra rẹ̀, oṣù karùn-ún ni. Èsì rẹ̀, oṣù keje. Ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún kan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ gbọ́dọ̀ ti sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ rí i pé 5 (màákì tó ga jù nínú ìdánwò AP) tí Dádì wọn ń lá lálàá rẹ̀ nínú Physics C kò ní bá wọn débi ìgbaniwọlé rárá. A nínú ìlàjì àkọ́kọ́ ló máa débẹ̀, tàbí C. Bí màákì bá sì wó lulẹ̀ kó tó parí high school, yunifásítì láṣẹ láti gba ìwé tí wọ́n fún un padà. Ó máa ń wà nínú lẹ́tà ìgbaniwọlé gan-an.

Mo fura pé ipò nínú kíláàsì wà lára ohun tó ń dẹ́rù ba ọkọ yín, torí òfin Texas ti ọdún 1997 yẹn tó ní kí yunifásítì ìjọba gba àwọn tó wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún. UT Austin ti mú tirẹ̀ wá sí márùn-ún fún àwọn tó ń wọlé láti 2026. AP máa ń gbé GPA (ìpíndọ́gba màákì) ga lóòótọ́. Àmọ́ ipò tó bá wà lórí ìwé rẹ̀ nígbà tó bá ń forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n máa lò, èyí tó bá fi parí kíláàsì kọkànlá ni ìyẹn sábà máa ń jẹ́. AP méje lọ́dún tó ń bọ̀ ti pẹ́ jù láti tún un ṣe. Bó bá tilẹ̀ bọ́ sínú márùn-ún yẹn, yunifásítì ló gbà á, kò túmọ̀ sí pé wọ́n fún un ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó fẹ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa bi counselor ni bóyá ìwé ọmọ náà ti dé ibi tí wọ́n ń pè ní Distinguished Level of Achievement, ìpele tó ga jùlọ nínú dípúlómà Texas, torí láìsí ìyẹn, ipò ò ṣiṣẹ́. Lára ohun tó gbà ni ìṣirò mẹ́rin tí Algebra II wà nínú rẹ̀ àti sáyẹ́ǹsì mẹ́rin.

Ti ọmọ ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbàgbé ìyẹn. Yunifásítì máa ń gba ìwé tó ṣàlàyé ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní, ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n sì fi ń wọn ọmọ.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọmọ tó ń gba B nínú Precalculus, tí ẹ wá fẹ́ kó ṣe Calculus BC, kó tún ṣe Physics C tí wọ́n fi calculus ṣe láti òkè délẹ̀, nígbà kan náà tó ń kọ àròkọ, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. B kì í ṣe àbùkù. Calculus AB ni kó ṣe. Calculus gidi ni, BC kàn fi ohun púpọ̀ kún un ni, ó sì yára.

Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi: Calculus AB, AP Biology, AP Literature, Government àti Economics ní ìlàjì ọdún kọ̀ọ̀kan (Dádì wọn gbàgbé Economics, dandan sì ni ní Texas kó tó gba dípúlómà), Spanish, orchestra, àti òfo kan. Ẹ̀yin fúnra yín ni nọ́ọ̀sì ní Houston. Ẹ sọ fún ọkọ yín iye ìgbà tí ẹ ń wá ẹni tó máa bá yín túmọ̀ Spanish láago mẹ́ta òru, kí wọ́n tó tún pè é ní kò ní láárí. Orchestra sì ti di ọdún keje rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí ọmọ dì mú látìgbà tó ti wà ní kékeré, tó wá jù nù lọ́dún tí wọ́n ń wo ìwé rẹ̀, ta ló máa rí i tí kò ní béèrè ìdí? Yàtọ̀ sí ti ìwé, ẹ rántí pé ibẹ̀ nìkan ló kù tí ọmọ yẹn ti ń mí.

Àkọ́bí náà ní tirẹ̀ o. Òfo méjì pọ̀ jù. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ò burú, ó tilẹ̀ lè kọ ọ́ sínú àyè mẹ́wàá tí Common App fi sílẹ̀ fún ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Àmọ́ kó fi ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé ṣe é. Yunifásítì fẹ́ rí i pé kò tíì tú bàtà sílẹ̀ kó tó délé.

Nǹkan kan wà tó yà mí lẹ́nu nínú lẹ́tà yín, mo sì padà kà á kó lè dá mi lójú. Ẹ sọ ohun tí Dádì fẹ́ kó kà. Ẹ sọ ohun tí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Ẹ ò sọ ohun tí Àkọ́bí fẹ́ kà níbì kankan. Ṣé dókítà náà ló wu òun? Bí ẹ ò bá mọ̀, ẹ bi í kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sùn dáadáa, kó má jẹ́ ìgbà tí ẹ ń kánjú lọ síbi iṣẹ́. Bó bá ní òun ò mọ̀, ìdáhùn ni ìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà, kó mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó kọ ìdí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sí ìwé kan. Ẹ̀yin ẹ jókòó sítòsí, ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí counselor láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó fún yín ní ìṣẹ́jú ogún kí fọ́ọ̀mù tó padà, kí ẹ sì jẹ́ kí Dádì wọn ló ń béèrè. Ẹnu àjèjì ni bàbá ilé ti máa ń gbọ́ ohun tí ìyàwó ti sọ fún wọn láti àná.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dìde lófìfo. Bí wọ́n bá fẹ́ fi AP Statistics dí òfo kan yẹn, ẹ gbà fún wọn. Statistics wúlò fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìṣègùn, kò sì le tó Physics C. Ẹ bá Àkọ́bí sọ ìyẹn ṣáájú, kó má baà rò pé ẹ tà òun.

Bí wọ́n bá ta kú pé BC ni dandan, ẹ bi counselor lójú wọn: ọjọ́ wo ló kẹ́yìn tí ọmọ fi lè bọ́ láti BC sí AB láìjẹ́ pé ó hàn lórí ìwé màákì rẹ̀? Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá oṣù kẹwàá, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn yunifásítì tó bá ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí, torí wọ́n fẹ́ mọ̀ bí kọ́ọ̀sì bá yí padà. Kí ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì.