Èsì: Káàdì àwìn nígbà tí credit score bá lọ sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjà o. Ẹ ní báǹkì kan ní Ìkẹ́rẹ́ kò fún yín ní káàdì àwìn torí pé credit score yín, ìyẹn máàkì tó ń fi hàn bí ẹ ṣe ń san gbèsè, kéré, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ gbìyànjú òmíràn ní Adó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. BVN yín ni wọn yóò fi wá gbèsè yín rí níbikíbi.

Ẹ kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ gbèsè yín lọ́wọ́ CRC tàbí FirstCentral, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn. Òfin ọdún 2017 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Mo bá gbèsè áàpù kan tí mo ti san tán nínú tèmi, wọn ò pa á rẹ́! Ó dùn mí wọra. Rìsíìtì tí mo tọ́jú ni mo fi bá wọn fà á títí wọ́n fi yọ ọ́.

Bó bá jẹ́ òótọ́ lẹ jẹ ẹ́, ẹ san án, kí ẹ sì gba lẹ́tà pé kò kù mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè irú káàdì tí báǹkì máa ń di owó yín mú fún gẹ́gẹ́ bí ìdógò. Èyíinì ni wọ́n tètè máa ń gbà fún irú wa.