Ṣé obìnrin lè fi dúkìá rẹ̀ ṣe wákáfù?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù aléékúmù, Ààfáà. Aṣọ ni mò ń tà. Mo fi owó ara mi ra ṣọ́ọ̀bù méjì, mo sì fẹ́ fi ọ̀kan ṣe wákáfù (ọrẹ tí a yà sọ́tọ̀ títí láé nítorí Ọlọ́hun) kí wọ́n máa fi rẹ́ǹtì rẹ̀ sanwó àwọn olùkọ́ iléekéwú. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní obìnrin Mùsùlùmí kì í ṣe irú ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Wa aléékúmù sàláámù, arábìnrin wa. Irọ́ ni. Ìyá wa Maymunah, ìyàwó Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá wọn), dá ẹrúbìnrin wọn sílẹ̀ láì kọ́kọ́ sọ fún Ànábì. Ọjọ́ tó kan Ànábì láti wà lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n tó sọ ọ́. Ànábì kò bínú. Wọ́n kàn ní ká ní àwọn ará ilé ìyá wọn ni wọ́n fi ẹrú náà ta lọ́rẹ, ẹ̀san ìbá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ní obìnrin kì í ṣe é, ẹ ní kí wọ́n béèrè Sitt al-Sham. Arábìnrin Sultan Salahuddin tó gba Baitul Makdis (Jerúsálẹ́mù) padà ní 1187 ni. Ọdọọdún ló ń po oògùn àti àgbo sínú ilé rẹ̀ ní Damásíkù, owó ńlá ló ń ná sí i, ọ̀fẹ́ ló sì ń pín in fáwọn èèyàn. Ó kọ́ iléèwé sẹ́yìn odi ìlú, ó tún fi ilé tó ń gbé gan-an ṣe wákáfù fún iléèwé. Ibẹ̀ ni Ibn al-Salah, àgbà onímọ̀ hádíìsì, ti kọ́ni. Ó kú ní 1220. Rabia Khatun, ọmọ bàbá rẹ̀, kọ́ iléèwé tiẹ̀ fáwọn Hanbali, ìyẹn àwọn tó ń tẹ̀ lé Imam Ahmad ibn Hanbal. Ní Aleppo, ní Síríà, Dayfa Khatun tó kọ́ iléèwé Firdaws ló di ìjọba mú fún ọmọ ọmọ rẹ̀ láti 1236 títí tó fi kú ní 1242. Àwọn àlúfà ìgbà yẹn kọ́ni nínú irú iléèwé bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ló kọ́ ọ.

Ẹyọ kan ló kù. Lọ́dọ̀ Imam Malik, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé, bí ọrẹ obìnrin tó wà nílé ọkọ bá ju ìdá mẹ́ta dúkìá rẹ̀ lọ, ọkọ lè kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ yòókù kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ohun tẹ́ ẹ ní, ẹ bá ọkọ yín sọ ọ́. Ọkọ yín ni mo wí o, n kò pe ẹbí.

Ẹ ṣe é nígbà tí ara ṣì le, torí wákáfù orí àìsàn ikú kì í kọjá ìdá mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí, kẹ́ ẹ dárúkọ ẹni tí yóò máa gba rẹ́ǹtì. Látọjọ́ náà, ẹ kò lè tà á mọ́, àwọn ọmọ yín kò sì ní jogún rẹ̀.